Lẹ́tà Yín Dé: "Kò Ṣáà Dùn Mí"

Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ni ó wọlé sí ojú ewé yìí láàárín oṣù tó kọjá, mo sì jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan láti kà wọ́n tán pọ̀. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ tí oníkálukú bá mi sọ kò sì jọra, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń yọjú nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: "Kò ṣáà dùn mí." Ó wá dà bí ẹni pé ìrora nìkan ni ẹlẹ́rìí tí a gbà gbọ́, tí òun kò bá sì ti wá sí kóòtù, ẹjọ́ ti tú ká. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè ka iye obìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí. Mo yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ẹsẹ̀ àti ojú mi wú

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Agbẹ̀bí. Oyún àkọ́kọ́ mi rèé, ó ti lé ní oṣù méje. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà ìyá ọkọ mi ni mo ń wọ̀ báyìí, ọwọ́ àti ojú mi náà sì ti ń wú. Kò dùn mí. Orí nìkan ló ń fọ́ mi láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú mi a sì máa ṣe bàìbàì bí mo bá dìde. Ní ilé àdúrà tí mo fẹ́ bímọ sí, wọ́n ní omi ọmọ ni. Ìyá ọkọ mi ní àmì ọmọkùnrin ni. Ṣé kí n dín iyọ̀ kù ni?" Aboyún kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Lẹ́tà yìí nìkan ni n kò jẹ́ kó dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yóò jáde. Nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì pè é lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ní òun yóò lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, nítorí pé aṣọ ìjáde òun ṣì wà nínú omi, mo bi í pé, "Ọmọ mi, aṣọ wo ló wà lọ́rùn rẹ báyìí? Òun náà ni kó o wọ̀ lọ." Ọlọ́run ṣe é, ó gbọ́ràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti dé 170 lórí 110, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 140 lórí 90 ti tó kí àyà agbẹ̀bí máa já. Wọ́n ki pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, pépà náà kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, ó di àwọ̀ ewé, èyí tó fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń jò, tí purotéènì tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium kí gìrì má baà gbé e, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù rẹ̀ tó pé. Tìyá tọmọ ló wà láàyè. Obìnrin ni ọmọ náà o, ẹ bá mi jẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́.

Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia, ẹ̀yìn ìgbà tí oyún bá ti pé ogún ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń yọjú. Ọ̀dọ̀ ibi ọmọ ni ó ti ń ṣẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fẹ̀ kí oúnjẹ lè máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò fẹ̀ tó, ibi ọmọ á wá máa tú èròjà tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ sínú ara ìyá, títí yóò fi kan kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Ìdí rèé tí iyọ̀ dídínkù kò fi lè tú u palẹ̀, tó sì fi jẹ́ pé kí ọmọ àti ibi ọmọ jáde nìkan ni òpin rẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún ni ó ń wú. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá dá sí i, tí orí ń fọ́ tí kò lọ, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń ro aboyún, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ ṣú bá a nílé. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbé e dé 170 yẹn kò dùn ún rárá. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ aboyún lápá ní gbogbo ìgbà tó bá lọ fún ìtọ́jú, àní bó bá tilẹ̀ ń jó wọlé.

Bí a bá fojú fo ó, ó di gìrì aboyún, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Mo ti rí aboyún tí wọ́n gbé dé tòun ti eyín méjì tó ti kán, nítorí ṣíbí tí wọ́n fi ń la ẹnu rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí lẹ́nu nígbà tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, tí àgbo náà sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí gìrì bá gbé aboyún lójú yín, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Gìrì náà lè gbé e lẹ́yìn tó bá ti bímọ tán pẹ̀lú, nítorí náà orí fífọ́ ìyá ìkókó kì í ṣe ohun tí a kàn ń sọ pé àìsùn nítorí ọmọ ló fà á. Ẹni tí ó bá ti ṣe rí, tàbí tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín kó tó lóyún, kí ó tètè sọ fún dókítà, torí aspirin kékeré tí wọ́n ń fún irú wọn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún máa ń dín ewu náà kù. Kí ẹnikẹ́ni má dá a lò fúnra rẹ̀.

N kò bá ilé àdúrà jà, ìyá mi náà gbẹ̀bí nínú ìjọ. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀ ni pé kí wọ́n mọ ibi tí agbára wọn mọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gba ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n gbé ètò Agbẹ̀bíyè kalẹ̀, tí wọ́n ń fún agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ẹ̀bùn bó bá darí aboyún sí ilé ìwòsàn dípò kí wọ́n máa lé e kiri. Ní ọdún 2023, nínú gbogbo obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ pa ní àgbáyé, ó lé ní ìdámẹ́rin tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. A kò lè máa fi ara wa ṣe ọ̀tá lórí irú òkú báyìí.

Ṣé ẹni tó bá ń wá àrùn ni yóò rí i?

"Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Nọ́ọ̀sì kan tó wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ ní kí gbogbo wa wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Nǹkan oṣù mi ń lọ déédéé, kò sí ibi tó ń dùn mí. Ṣé kì í ṣe ẹni tó bá ń wá àrùn kiri ni yóò rí i? Kí ni wọ́n sì ń ṣe fún ènìyàn gan-an níbẹ̀?" Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Aláṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ń tú bélì aṣọ mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣí ọjà rẹ̀ wò nígbà gbogbo ni yóò rí ibi tí kòkòrò ti fi eyín kan aṣọ, nígbà tó ṣì jẹ́ pé igun kékeré ni yóò gé sọnù. Bí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí kan tí a ń pè ní HPV ni ó ń fà á, ọ̀nà ìbálòpọ̀ ni ó sì ń gbà wọ ara. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni ó ti bá pàdé láìmọ̀, nítorí náà kì í ṣe àmì ìṣekúṣe, obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní i. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ara fúnra rẹ̀ á lé e jáde láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn díẹ̀, á jókòó, á máa yí ẹnu ilé-ọmọ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan oṣù á máa lọ déédéé, obìnrin á máa tajà, á máa jó lóde, kò ní dùn ún. Ìgbà tó bá fi máa dùn ún, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti kúrò lẹ́nu ilé-ọmọ, ó ti ń wá ọ̀nà àpòòtọ̀ àti ẹ̀yìn.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ìtìjú àti ẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ ni ó ń dá obìnrin padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sókè bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bímọ, wọ́n á sì fi aṣọ bò yín láti inú dé orúnkún. Nọ́ọ̀sì á fi irinṣẹ́ kan tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ la ojú ara díẹ̀, kí iná lè tàn dé inú. Yóò tutù, yóò sì há díẹ̀. Bí ẹ bá mí sísàlẹ̀, yóò rọrùn. Ẹnu ilé-ọmọ á hàn, rọ̀bọ̀tọ̀, ó pọ́n bí ètè ọmọ tuntun, ihò kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Á fi òwú tí ó rì sínú omi kíkan, irú fínígà tí àwọn alásè ń lò ṣùgbọ́n tí wọ́n ti bù omi là, pa á lára, á sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tó dára kò ní yí padà. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ á funfun, gẹ́gẹ́ bí funfun ẹyin ṣe ń yọ nígbà tó bá kan òróró gbígbóná. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ, bí wọ́n bá sì rí funfun kékeré tí kò wọ inú ihò lọ, wọ́n lè fi irinṣẹ́ gbígbóná kan jó o lójú ẹsẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì padà sí ìsọ̀ yín lọ́jọ́ kejì.

Àyẹ̀wò mìíràn tún wà tí ó ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀, òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ràn jù báyìí níbi tí agbára bá ti ká a. Òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, obìnrin sì lè wọ ilé ìwẹ̀ lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á láìsí pé ẹnikẹ́ni wo ìhòòhò rẹ̀. Bí èsì bá dára, ó di ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó tún un ṣe. Láti ọmọ 30 ọdún ni kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀, tàbí 25 bó bá ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV, nítorí pé lára irú wọn, àrùn náà ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ bá bá yín lò pọ̀, ẹ má ka ọjọ́ orí kankan, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ọdún 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 ni ó sì pa lọ́dún náà. Ẹni tó wá a kiri kọ́ ni ó pa.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ mi

"Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mọ́kànlá. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ àdúgbò wa, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn ọmọ wa di àgàn ni. Ọmọ mi kò mọ ọkùnrin, kò sì sí ibi tó ń dùn ún. Kí ló kàn án?" Bàbá Ọmọ, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè, nítorí àwọn bàbá kì í sábà kọ̀wé sí ojú ewé yìí. Nítorí pé kò tíì mọ ọkùnrin ni ó ṣe kàn án. Àjẹsára kì í lé olè tó ti wọlé, ìlẹ̀kùn ni ó ń tì. Bí a bá gún ọmọ kí HPV tó bá a pàdé, ara rẹ̀ á ti mọ ojú kòkòrò náà tẹ́lẹ̀, á sì kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Nàìjíríà fi mú àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiyín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, Ọ̀yọ́ àti àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti òpin ọdún 2022 pé ẹyọ kan tó fún ọmọ ọjọ́ orí yìí.

Ní ti ọ̀rọ̀ àgàn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú ìgò náà. Kòkòrò kò sí nínú rẹ̀, bóyá òkú tàbí alààyè. Èèpo òde kòkòrò náà ni wọ́n ṣe bíi rẹ̀, láìsí ohunkóhun nínú, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àwòrán olè han ọdẹ àdúgbò kó lè dá a mọ̀ bó bá dé. Ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ oríṣi 16 àti 18, àwọn méjì tó ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹyin tàbí ilé-ọmọ. Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ wọn ní 2007, Rùwáńdà ní 2011. Àwọn ọmọ tí wọ́n gún ní Ọsirélíà nígbà náà ti di abiyamọ báyìí. Ní Sikótílàǹdì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ìwádìí tó jáde ní 2024 kò rí ẹyọ jẹjẹrẹ yìí kan lára àwọn obìnrin tí wọ́n gún pé ní ọmọ ọdún 12 sí 13. Bí ohun kan bá wà tó ń ba ilé-ọmọ jẹ́, jẹjẹrẹ náà gan-an ni, nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gba ilé-ọmọ lọ pátá.

Apá á dùn ún fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lọ, kó sì jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ojú a máa ṣú àwọn ọmọ mìíràn nígbà tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́. Bó bá sì di ọmọ 30 ọdún, kó ṣì lọ fún àyẹ̀wò tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Aláṣọ, nítorí pé oríṣi HPV mìíràn ṣì wà tí abẹ́rẹ́ yìí kò ká.

Wọ́n ní wọ́n ti di Sárà

"Ìyá mi pé ọdún 63, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà. Nǹkan oṣù wọn ti dúró láti bí ọdún mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n sọ fún mi lórí fóònù, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé àwọn tún ti ń rí ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ìṣọ́ òru ní Ọlọ́run ti sọ wọ́n di Sárà. Wọ́n ní kò dun àwọn. Èmi náà rèé, wọ́n kọ lẹ́tà àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ sí mi níbí, mo fi sínú dúróà." Ọmọ Ìjẹ̀bú, London.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n Sárà bímọ ni, a kò kà á níbì kankan pé ó ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró fún odindi ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ kankan tó bá tún jáde lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe ẹyọ kan lórí aṣọ abẹ́, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. N kò sọ èyí láti já ìyá yín láyà. Nínú irú obìnrin mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni yóò já sí ohun kékeré: ojú ara tó ti gbẹ tó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ẹran kékeré tó yọ nínú ilé-ọmọ. Ẹnì kan tó kù yẹn ni jẹjẹrẹ ilé-ọmọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ yàtọ̀ sí ti ẹnu rẹ̀ tí a sọ lókè. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà, pàápàá àwọn tó sanra tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ni ó sábà máa ń mú. Ó ní ìwà rere kan, pé ó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ kéde ara rẹ̀ ní kùtùkùtù, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ṣì lè mú un kúrò tán. Ìkéde yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń fi orin yọ̀ sí.

Ohun tí ẹ máa bèèrè fún ni ìyàwòrán inú láti ọ̀nà ojú ara, èyí tó ń wọn bí awọ inú ilé-ọmọ ṣe nípọn tó. Bó bá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kí wọ́n yẹ ẹnu ilé-ọmọ wò pẹ̀lú. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ nìkan, nítorí mo mọ àwọn ìyá wa: owó àyẹ̀wò yóò di owó aṣọ ẹbí. Ẹ wá ẹnì kan nílé, ó dára kó jẹ́ obìnrin, tí yóò bá wọn wọ inú yàrá dókítà, tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ náà síta bí wọ́n bá fẹ́ fi pé ẹ̀yìn ń dun àwọn bò ó.

Ní ti lẹ́tà inú dúróà: ẹni ọdún 25 sí 64 ni wọ́n ń kọ ọ́ sí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù keje ọdún 2025 sì ni àwọn tí kò tíì pé 50, tí kò sí HPV lára wọn, ti ń gba ọdún márùn-ún dípò mẹ́ta kí wọ́n tó tún pè wọ́n. Ohun tí Ìyá Aláṣọ ń bi mí ní Gbági bóyá ó tọ́ kí òun lọ wá kiri, wọ́n gbé e wá bá yín lẹ́nu ilẹ̀kùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí dúróà.

Wọ́n rí ìju lára mi

"Mo lọ ya àwòrán inú nítorí nǹkan mìíràn, wọ́n sì rí fáíbírọ́ìdì méjì, èyí tó tóbi jù kò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ọmọ ọdún 44 ni mí, mo ti bímọ tán. Kò dùn mí, nǹkan oṣù mi kò pọ̀ jù. Obìnrin kan ní òun ní àgbo tí yóò fọ̀ ọ́ jáde ní ọjọ́ mọ́kànlélógún." Ìyá Ìbejì, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ gbà fún lóṣù yìí. Kò dùn yín, lóòótọ́, kò sì sí ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sí i ju kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ìju, tàbí fáíbírọ́ìdì, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n gidi kí jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Iṣan ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ló dì pọ̀ bíi kókó. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin dúdú débi pé nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tó ti ní i kó tó pé ọmọ 50 ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Estrogen, èròjà inú ara tí ilé ẹyin obìnrin ń pèsè, ni ó ń bọ́ ọ, nítorí náà bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, á máa súnkì fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ ni ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà débi tó ń lo páàdì méjì pọ̀, tàbí tó ń jáde ní dìdì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti funfun, tó ń mí lókè lókè bó bá gun àtẹ̀gùn. Ẹni tí ikùn rẹ̀ ti yọ bíi ti olóyún. Àti ẹni tí oyún kò dúró fún. Irú wọn ní oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, iṣẹ́ abẹ tó ń yọ kókó náà tí yóò sì fi ilé-ọmọ sílẹ̀, tàbí èyí tó ń yọ ilé-ọmọ bí obìnrin bá ti bímọ tán tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbo ọjọ́ mọ́kànlélógún, ohun tó ń tẹ̀lé ìgbẹ́ gbuuru jáde, tí wọ́n á fi hàn yín pé ìju ló fọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìfun yín ni. Kókó tó wà nínú iṣan ilé-ọmọ kò lè gba ọ̀nà ìfun jáde, ilé kan kọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá ti san owó fún un, ẹ gbà pé owó náà ti lọ, kí kíndìnrín yín sì kù sílẹ̀ fún yín.

"Toilet infection"

"Mo máa ń ní toilet infection léraléra. Oníkẹ́míìsì wa á sì fún mi ní kápúsù pupa àti yẹ́lò, á lọ, á tún padà. Ṣé álọ́ọ̀mù àti omi gbígbóná ni kí n máa fi fọ inú? Ọkọ mi ní òun kò ní nǹkan kan, kò dun òun." Ìyàwó Ilé, Adó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò kì í fò láti inú omi ṣáńgá wọ ojú ara obìnrin. Bí ó bá ń yún yín, tí ohun tó ń jáde sì ki bíi wàrà tó dì, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ olú inú ara, tí wọ́n ń pè ní yeast, tó rú sókè, kápúsù tí ẹ ń gbé mì sì ni ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó yẹ kó kápá rẹ̀. Ojú ara ń fọ ara rẹ̀ láti inú wá. Òde nìkan ni ẹ ń fọ̀, omi lásán ti tó. Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn dídùn, ewé tábà àti gbogbo ohun tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ojú ara pọ̀ ń já awọ ibẹ̀ ni, awọ tó já sì ni HIV àti àrùn mìíràn ń wá.

Èyí tí ń kó mi láyà ju yínyún lọ ni àwọn àrùn ìbálòpọ̀ bíi chlamydia, tó lè gbé lára tọkọtaya fún oṣù púpọ̀ láìyún ẹnikẹ́ni, láìdun ẹnikẹ́ni, títí yóò fi dí fèrè ilé-ọmọ, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé-ọmọ, tí obìnrin á sì máa wá oyún kiri. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n gba ohun tó ń jáde náà fún àyẹ̀wò kí ẹ tó tún gbé oògùn kankan mì. Bó bá jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ ni, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa lo oògùn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí bàbá bá tún ní kò dun òun, ẹ fún un ní ìwé ìròyìn yìí kó kà á láti òkè.